Èrò Bàrákátù Lórí Ìwé Kànga

Nígbà tí ìwé náà fi máa dé ọwọ́ Aymar, èèpo rẹ̀ ti já lọ, orúkọ rẹ̀ sì ti bá èèpo lọ. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ ọ́. Ohun tí gbogbo wọn mọ̀ ni pé wọ́n bá òkú ọkùnrin kan nínú kànga lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin, pé èèyàn márùn-ún ló ní ìdí láti pa á, àti pé Faransé inú rẹ̀ kò le. Ìwé Kànga ni wọ́n ń pè é.

Màdáámù Bérénice, olùkọ́ àwọn ọmọdé, ló ni ín. Ó yá Eugène tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò láti Agbonou wọ ìgboro Atakpamé. Eugène yá Aymar, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe lẹ́bàá títì ní Agbonou. Aymar kò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kankan. Ẹ̀rọ ìyá rẹ̀ ló bàjẹ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó tú u palẹ̀, ó to irin rẹ̀ sórí ẹní bó ṣe ń yọ wọ́n tẹ̀ léra, ó sì tò wọ́n padà. Lẹ́ẹ̀mejì ló tò ó tí kò rán. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó rán. Láti ọjọ́ náà ló ti gbà pé kò sí ohun tó lè bàjẹ́ tí kò ní ṣeé tún ṣe, bí èèyàn bá ti lè fara balẹ̀ tò ó.

Aymar náà ló mú kàyé, ìwé àkọsílẹ̀, wọ inú ọ̀rọ̀ ìwé. Èyí tí wọ́n kà ṣáájú Ìwé Kànga, Eugène kà á dé ìdajì, ó yọjú wo etí ojú ewé tó kẹ́yìn, níbi tí Màdáámù kọ èrò rẹ̀ sí, ó dé ìdíkọ̀, ó sì pariwo orúkọ apànìyàn sétí gbogbo ayé. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Aymar fi bínú. Ló bá ra kàyé kan, ó fi rọ́bà so ó mọ́ Ìwé Kànga, ó sì kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀ pé: Ẹ kọ èrò yín síbí. Ẹni tí kò bá tíì ka ìwé tán kò gbọdọ̀ ṣí i.

“Òfin Mósè,” ni Eugène wí. “Ó ku kí o gun orí òkè.”

“Gbogbo Atakpamé ló wà lórí òkè,” ni Aymar fèsì. “Ìwọ ṣáà pa òfin mọ́.”

Ìsọ̀ aṣọ Alájì Ràṣídì nínú ọjà ni Aymar ti kọ́kọ́ bá Bàrákátù sọ̀rọ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Alájì, bàbá rẹ̀ ti dé Atakpamé kí wọ́n tó bí i. Ẹ̀rọ mẹ́ta ni àwọn aránṣọ rẹ̀ ń lò níwájú ìsọ̀, Aymar sì wà lábẹ́ ọ̀kan lọ́jọ́ náà, ó ń wá ibi tí bẹ́líìtì ti ń yọ̀. Ohùn obìnrin kan ló gbọ́ lókè orí rẹ̀.

“Ta ló pa á?”

“Pa ta?”

“Ọkùnrin inú kànga. Ìwé yín ló yọ orí jáde nínú àpò irin yín, mo sì mú un. Ẹ má bínú.”

“Olùṣọ́ ibùdókọ̀ ni,” ni Aymar wí lábẹ́ ẹ̀rọ.

“Ẹ ti kà á tán?”

“Ó ku díẹ̀.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. “Olùṣọ́ ló ni kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ kì í já ilẹ̀kùn. Ẹ tún èyí tó wà lórí yín yìí ṣe, ẹ fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀.”

Kí Aymar tó jáde lábẹ́ ẹ̀rọ, obìnrin yìí, Bàrákátù ọmọ Alájì, ti ka ojú ewé mẹ́rìnlá. Aymar yá a ní ìwé náà nígbà tó kà á tán, àti kàyé rẹ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì padà dé ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó, ó ka gbogbo èrò tó wà níbẹ̀. Màdáámù Bérénice kọ ọ́ pé, “Ìwàkiwà pọ̀ nínú ìwé yìí, ṣùgbọ́n n kò lè gbé e sílẹ̀.” Eugène kọ tirẹ̀ pé, “Ọlọ́pàá inú rẹ̀ kò mọṣẹ́. Bó bá ti bi ọlọ́kadà kan ṣoṣo léèrè, ìwé ìbá ti parí lójú ewé kẹwàá.” Aymar fúnra rẹ̀ ti kọ pé okùn kànga tí òǹkọ̀wé júwe kò lè dé ibi omi, ẹni yìí kò fa omi rí láyé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan ìkọ̀wé onílẹ́tà kékeré kan, tó tọ́ bí ìrán ẹ̀rọ: “Èrò Bàrákátù. Ìyàwó òkú kọ́ ló pa á. Ó mọ ẹni tó pa á, ó kàn ń retí kí ẹnì kan bi òun ni. Gbogbo wọn wá ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀, wọ́n wá ìka lára fèrèsé, kò sí ẹni tó bi í. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún.”

Aymar ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé, “Bí mo bá jẹ́ ọlọ́pàá náà, ǹ bá bi í.”

Ohun tó dùn wọ́n ni pé ìwé náà kò dárúkọ apànìyàn. Ojú ewé tó kẹ́yìn sọ pé òpin apá kìíní nìyẹn. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí wá apá kejì. Eugène wá a títí dé Lomé, kò rí i. Ní tòótọ́, Aymar àti Bàrákátù kò fi bẹ́ẹ̀ bínú, torí bí apá kejì kò bá dé, àríyànjiyàn kò ní tán, bí àríyànjiyàn kò bá sì tán, ẹ̀rọ Alájì Ràṣídì yóò máa bàjẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

“Ẹ̀rọ mi ń ṣàìsàn jù látìgbà tí ọmọkùnrin yìí ti ń wá tọ́jú rẹ̀,” ni Alájì wí lọ́jọ́ kan, kò sì rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, Eugène gbé àwọn méjèèjì dé Kamina. Aymar fẹ́ fi àwókù ibi tí àwọn Jámánì ti ń fi afẹ́fẹ́ ránṣẹ́ sí ìlú wọn han Bàrákátù. Ó ń lọ síwá sẹ́yìn láàárín koríko, ó ń fi ọwọ́ wọn ibi tí àwọn òpó gíga ti dúró, ó ń ṣàlàyé bí iná ṣe máa ń gun òpó tí ọ̀rọ̀ á sì jáde lórí rẹ̀.

“Láti ibí dé Jámánì? Láìsí wáyà?”

“Láìsí wáyà. Àwọn fúnra wọn ló wó o nígbà tí ogun dé, kí ọwọ́ ọ̀tá má bàa tẹ̀ ẹ́.”

Bàrákátù jókòó sórí òkúta kan, ó ń yọ ẹ̀mọ́ lára ìró rẹ̀. “Wọ́n rí ọ̀nà láti ibí dé Jámánì. Ìwọ, láti Agbonou dé ìsọ̀ bàbá mi, oṣù mẹ́jọ rèé, ọ̀rọ̀ kan kò tíì jáde.”

“Mo ń tò ó ni. Mi ò fẹ́ kí irin kankan ṣẹ́kù sílẹ̀.”

“Èmi kì í ṣe ẹ̀rọ, Aymar.”

Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe sọ ọ́, Aymar náà rẹ́rìn-ín. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Aymar sọ fún ìyá rẹ̀.

Màmá Céline ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ ṣà á tán. “Ọmọ Alájì,” ló wí. “Ta ni yóò sọ fún Fadá? Ìwọ tàbí èmi?”

“Màmá, ọmọ dáadáa ni.”

“Ta ló ní kì í ṣe ọmọ dáadáa? Mo ń ra aṣọ lọ́wọ́ wọn. Aṣọ ni mo rà, mi ò ra ìjà. Bí o bá bímọ, ṣé wọn yóò jẹ́ kí a ṣe ìrìbọmi fún un?”

Alájì Ràṣídì náà sọ tirẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin, Àpọ̀kẹ́, tó ń ta ẹja gbígbẹ nínú ọjà kan náà, tí Bàrákátù ti bẹ̀ pé kó bá òun wọ ọ̀rọ̀ náà. “Ọmọ náà mọṣẹ́, mi ò jiyàn. Irin ló mọ̀. Ṣé ó mọ Ọlọ́run bí mo ṣe ń sìn ín?” Kó tó di òpin oṣù náà, ó ti rán Bàrákátù lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Notsé pé kó lọ máa bá a tajà, fóònù rẹ̀ sì ti dọ̀wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin.

Àpọ̀kẹ́ gun ọ̀kadà wá sí Agbonou láti wá kìlọ̀ fún Aymar.

“Má lọ sí Notsé. Má rán Eugène lọ. Ẹ̀gbọ́n mi dà bí ìrẹsì tó wà lórí iná, bí o bá ń ṣí ìdérí ṣáá, kò ní jinná.”

“Tàǹtí, títí dìgbà wo?”

“Dìgbà tí mo bá ní kí o wá. Ṣé o lè dúró?”

Bí ohun kan bá wà tí Aymar mọ̀ ọ́n ṣe láyé, dídúró ni. “Mo lè dúró,” ló wí, inú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn pé iṣẹ́ tí òun mọ̀ ni wọ́n gbé fún òun.

Oṣù kẹta lẹ́yìn ìyẹn, lọ́jọ́ Àìkú, Àpọ̀kẹ́ ti Notsé dé pẹ̀lú ẹrù ẹja, ó sì fa nǹkan kan yọ láti inú báàgì rẹ̀. Apá kejì Ìwé Kànga ni. Bàrákátù rí i lórí tábìlì ẹni tó ń ta àlòkù ìwé lẹ́bàá títì ní Notsé, ó ti kà á, ó sì ti fi rọ́bà so kàyé tuntun mọ́ ọn.

“Ó ní kí o tètè kà á,” ni Àpọ̀kẹ́ wí. “Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí o má jẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ẹ̀yin àti ìwé, ẹ ó ya wèrè ni.”

“Ara rẹ̀ ńkọ́?”

“Ara rẹ̀ le. Ó ti rù díẹ̀.”

Aymar gbé ìwé náà sórí tábìlì iṣẹ́. Òjò ti pa á rí. Àtè ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbẹ, ó ti fọ́, àwọn ewé rẹ̀ ń jábọ́ bí ewé igi nígbà ọyẹ́, ojú ewé ogójì wà lẹ́yìn ojú ewé àádọ́rùn-ún. Ó fọwọ́ kan rọ́bà kàyé náà. Ó mọ̀ pé lẹ́tà kékeré tó tọ́ yẹn wà nínú rẹ̀. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Òun ló ṣòfin, kò lè jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ rú u, pàápàá jù lọ sí Bàrákátù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó fẹ́ fi í pamọ́ dìgbẹ̀yìn, bí ọmọdé ṣe ń fi ẹran sílẹ̀ títí oúnjẹ yóò fi tán.

Èrò kan sì wá sí i lọ́kàn: òun yóò tún ìwé náà dì kí òun tó kà á. Tí Bàrákátù bá padà dé, òun yóò gbé e lé e lọ́wọ́ ní odindi, apá kìíní àti apá kejì nínú èèpo kan ṣoṣo. Kò di ìwé rí, ṣùgbọ́n ìránṣọ náà ni, bébà ni aṣọ rẹ̀.

Ó gé páálí, ó ń fi í bo ọ̀rọ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ nìkan ló ń wò, kí ojú rẹ̀ má bàa já lu apànìyàn láìròtẹ́lẹ̀. Ìyẹn gba ọjọ́ méjì. Ó nílò òwú líle tí wọ́n fi ń rán bàtà, ó ní kí Eugène bá òun wá a, ọjọ́ mẹ́ta kọjá kó tó dé. Ó fi abẹ́rẹ́ gbọ́ọ̀rọ́ lu ihò mẹ́fà sí ẹ̀yìn ìdìpọ̀ ewé kọ̀ọ̀kan, ó rán wọn mọ́ra, okùn ń wọ inú jáde sẹ́yìn, ó ń kọ́ ara rẹ̀ lọ́rùn kí ó má bàa tú. Ó po ìyẹ̀fun gbágùúdá mọ́ omi gbígbóná, ó fi lẹ aṣọ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé orí ẹ̀rọ ìránṣọ méjì tó wúwo lé e, kó gbẹ pẹrẹsẹ.

Eugène wá jókòó tì í. “Wọ́n ní kí o tètè kà á, ìwọ ń rán an bí sòkòtò. Kà á ná, kí o tún un ṣe lẹ́yìn!”

“Bí mo bá kà á báyìí, ewé rẹ̀ á tún já sí i. Ọjọ́ mẹ́rin ló máa fi gbẹ.”

“Ọjọ́ mẹ́rin! Apànìyàn á ti kú sẹ́wọ̀n.”

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì ló tó bẹ̀rẹ̀ sí kà á, láàárín iṣẹ́ kan sí òmíràn, ìwé náà sì ń ṣí pẹ̀lẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìkùn. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn Máàsì, ló parí rẹ̀. Arákùnrin òkú ni apànìyàn. Aymar rẹ́rìn-ín, ó na ara, ó sì yọ rọ́bà kúrò lára kàyé.

“Èrò Bàrákátù lórí apá kejì. Arákùnrin rẹ̀ ni, mo ti mọ̀ láti ojú ewé ọgọ́ta. Ṣùgbọ́n Aymar, n kò ní sùúrù fún àwọn inú ìwé mọ́. Ẹnì kan wà ní Notsé níbí, Àbdùlbàsìt, ó ń ta sìmẹ́ńtì. Kò ṣe ohun búburú kankan sí mi. Àwọn èèyàn rẹ̀ ti lọ bá bàbá mi. Nígbà tó wá síbí, mo sọ fún un pé ẹlòmíràn wà lọ́kàn mi, mo dárúkọ rẹ. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí àwọn àgbà rẹ wá kí òun lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ yìí, lẹ́yìn ìrun. Bí wọn kò bá wá, òun yóò fún àwọn ará Notsé lésì. Kò sọ pé òun á gbà. Ó ní kí wọ́n wá ni. Mo mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta lo fi ń ka ìwé. N kò sọ fún Tàǹtí Àpọ̀kẹ́, torí ẹnu rẹ̀ kò ní ìdérí. Bí o kò bá wá, mi ò fẹ́ kí ọjà gbọ́. Bi mí, Aymar. Mo ń retí rẹ.”

Ó wo kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń wí ti di ìjẹta.

Kò dúró bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Eugène fi ọ̀kadà sáré gbé e dé ilé Alájì. Alájì ń ṣẹ́ aṣọ po lórí àga ní gbàgede.

“Alájì, ẹ kú ilé. Alájì, ẹ jọ̀wọ́…”

“Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu mi,” ni Alájì wí láìgbé ojú sókè. “Mi ò lè gbé e mì padà. Máa lọ sílé, ọmọ mi.”

Aymar ṣí ẹnu láti sọ nípa òwú àti àtè. Ó gbọ́ ọ létí ara rẹ̀ kó tó sọ ọ́, ojú sì tì í. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó lọ. Wọ́n ṣe yìgì Bàrákátù ní Notsé kí òjò tó dá.

Ọdún mẹ́fà kọjá. Aymar kò fẹ́ ẹnì kankan, kò sì sọ pé òun kò ní fẹ́. Ohun kan ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bí òun tilẹ̀ kó gbogbo àgbà Agbonou lọ lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, Alájì ìbá lé wọn ni. Ìkórìíra tó ní sí Alájì kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wúlò fún un, ó ń gbé ara lé e.

Ìgbà tí Alájì Ràṣídì kú, Aymar lọ síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ nítorí Àpọ̀kẹ́. Ó pinnu láti kí wọn lẹ́nu ọ̀nà, kó sì padà. Ó kí Àpọ̀kẹ́. Ó kí Àbdùlbàsìt, ọkọ Bàrákátù, tó fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ rẹ̀, tó ní kó wọlé wá jẹun. Ó dúpẹ́, ó yíjú padà. Bàrákátù ló dúró lẹ́bàá ògiri níta, ìbòrí funfun lórí rẹ̀. Ara rẹ̀ ti kún.

“O wá,” ló wí.

“Mo wá. Ẹ kú àfẹ́kù Bàbá.”

“Má ṣe ‘ẹ’ sí mi. Mo fẹ́ bi ọ́ ní ohun kan, mi ò sì ní bi ọ́ mọ́ láé. Nígbà tí o ka èrò mi, kí ló dé tí o fi dákẹ́?”

“Ọjọ́ Àìkú ni mo kà á, Bàrákátù. Jímọ̀ ti kọjá nígbà yẹn.”

“Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló lò lọ́wọ́ rẹ.”

“Mo ń tún ìwé náà dì fún ọ. Mi ò ṣí kàyé. Òfin…”

Bàrákátù wò ó. Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kò bọ́. “Òfin,” ló wí. “Ọdún mẹ́fà ni mo fi rò pé o kà á, o sì rò ó wò pé mi ò tó nǹkan tí o lè torí rẹ̀ bá Fadá jà. Ìwé lò ń tún ṣe.”

“Tàǹtí náà sì ní kí n dúró. Kò sí bí ìbá ṣe rí, bàbá rẹ kò ní gbà. Ìwọ náà mọ̀.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

Aymar wo bàtà tó kún ẹnu ọ̀nà.

“Bàbá mi ránṣẹ́ pè mí láti Notsé lọ́jọ́ yẹn,” ni Bàrákátù wí. “Ó ti ìrun dé, ó fúnra rẹ̀ gbé àga mẹ́rin jáde síbí yìí, ó nù wọ́n. Ó ní kí n gbé omi tútù sílẹ̀. Ó ní àwọn Ifẹ̀, àwọn èèyàn rẹ, kì í tètè sọ̀rọ̀ tán, kí n dáná kó tó àwọn àlejò. Ó jókòó. Gbogbo ẹni tó bá ń gun òkè bọ̀, á dìde díẹ̀, á wò ó, á tún jókòó. Ó di ìrọ̀lẹ́. Ó gbé àga náà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, ‘Bàrákátù, mo rò pé wọn yóò wá.’ Kò tún sọ ọ́ mọ́ títí ó fi kú.”

Aymar wo ilẹ̀ tó wà níwájú ilé náà. Kò rí ohunkóhun níbẹ̀, àfi òkúta wẹ́wẹ́ àti ibi tí omi òjò ti gbẹ́.

“Èmi náà jẹ̀bi,” ni Bàrákátù wí pẹ̀lẹ́. “Mo lẹ́nu. Mo lè bẹ Tàǹtí kó sọ fún ọ. Mo fi ìtìjú pamọ́ sínú kàyé. Àbdùlbàsìt kò ṣe mí ní ibi, kí o mọ̀. Ayé mi kò bàjẹ́.” Ó tún ìbòrí rẹ̀ ṣe. “Máa lọ, wọ́n ń wò wá.”

Ó wọlé. Eugène, tó gbé ọ̀kadà dúró nísàlẹ̀ òkè, ń fọn fèrè pé ó ti pẹ́. Aymar rìn dé ìdajì ọ̀nà, ó dúró. Ó juwọ́ sí Eugène pé kó máa lọ.

Ó padà gun òkè náà. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sáàárín bàtà àwọn ẹlòmíràn lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó wá àyè lórí ẹní láàárín àwọn ọkùnrin tó ń ṣàdúrà fún Alájì Ràṣídì. Àbdùlbàsìt sún sí ẹ̀gbẹ́ kan fún un. Kò mọ ọ̀rọ̀ kankan nínú àdúrà náà. Nígbà tí wọ́n na ọwọ́, ó na ọwọ́ tirẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi ṣe é parí.